Ẹ Kọ́kọ́ Ka Fáìlì Yín Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Ìkàwé

Ìsánlú ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ̀yìn tì sí lẹ́yìn ọdún gbọọrọ lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ní Kérésì kan, ọmọ wọn tó ń gbé l'Ékòó gbé ẹ̀rọ ìkàwé (e-reader) wá fún wọn. Ó fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ kì í dán yanranyanran bíi ti fóònù, èèyàn sì lè kà á nínú oòrùn ọ̀sán gangan láì fi ọwọ́ ṣíji bò ó. Gbogbo ilé ló bá wọn yọ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí.

"Wá bá mi wo nǹkan yìí. Ìwé tí mo ní ni mo fẹ́ kà, kì í ṣe ìwé tí wọ́n fẹ́ tà fún mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kí lẹ ní gan-an?"

Wọ́n na fóònù wọn sí mi. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wà níbẹ̀ ní Word, ìwé Sọ́ńdè Sùkúù wà ní PDF, ìwé àlàyé Bíbélì kan sì wà tí ẹnì kan fi fóònù ya lójú ewé dé ojú ewé. Nínú fáìlì mẹ́tàdínlógójì, mẹ́rin péré ló ṣeé kà lórí ẹ̀rọ tuntun náà. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Àwa la ra bàtà láì wọn ẹsẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn ará Kabba, Mọ̀pà àti Yàgbà ti ń bi mí pé èwo ni kí àwọn rà. Bí mo ṣe ń bá wọn yàn án nìyí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé orí owó sísan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó fáìlì jọ síbì kan

Ẹ má tíì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kankan. Ẹ mú fóònù yín, ẹ wo ibi tí WhatsApp ń kó ìwé sí, ẹ wo fódà Download, kí ẹ sì kó gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ máa kà sínú fódà kan ṣoṣo. Ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan: .pdf, .docx (Word nìyẹn), .epub, .txt. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́rin yẹn ló máa sọ ẹ̀rọ tó bá yín mu, ju ìpolówó kankan lọ.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, PDF ló máa ń pọ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ NOUN ń wa ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì yunifásítì náà, PDF ni. Ìbéèrè àtijọ́ ti WAEC àti JAMB tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fi ránṣẹ́ síra wọn, PDF ni, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ fọ́tò. Ìwé ìkéde ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń wá ní Word. EPUB kì í pọ̀ lọ́wọ́ wa, àfi ẹni tó bá ń ra ìwé ìtàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyàtọ̀ EPUB àti PDF ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró lé e lórí díẹ̀. EPUB dà bí ẹ̀kọ gbígbóná. Abọ́ yòówù tí ẹ bá dà á sí, ìrísí abọ́ yẹn ló máa gbà: bí ojú ẹ̀rọ bá kéré, ọ̀rọ̀ á tún ara rẹ̀ tò, bí ẹ bá sọ lẹ́tà di ńlá, ìlà á gé ara rẹ̀ sí ibi tó yẹ. Word àti .txt náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. PDF, tí ilé iṣẹ́ Adobe gbé jáde lọ́dún 1993, dà bí ẹ̀kọ tó ti dì nínú ewé. Bí wọ́n ṣe dì í ló ṣe máa wà, kò sì bìkítà bóyá ojú ẹ̀rọ yín tóbi tàbí kò tóbi. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é gan-an nìyẹn, kí ojú ewé lè rí bákan náà níbi gbogbo. Ó dára fún ìwé títẹ̀. Fún ojú àgbàlagbà lórí ẹ̀rọ kékeré, ìyà ni.

PDF pàápàá pín sí méjì. Ẹ ṣí i lórí fóònù, kí ẹ fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yí àwọ̀ padà, tí ẹ sì lè dà á kọ, ọ̀rọ̀ gidi ló wà nínú rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, fọ́tò ni, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé lẹ́tà wà níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, bí àwòrán ewúrẹ́ ló rí.

Ẹ pín fáìlì yín sí òkìtì mẹ́ta: èyí tó ń ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná (EPUB, Word àti .txt), PDF tó ní ọ̀rọ̀, PDF tó jẹ́ fọ́tò. Ẹ ka iye tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi bébà wọn ojú ẹ̀rọ

Bí òkìtì kìíní bá ju àwọn tó kù lọ, ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6 tàbí 7 ti tó yín. Ẹ fo ìyókù ìgbésẹ̀ yìí.

Bí ó bá jẹ́ PDF ló pọ̀, ẹ farabalẹ̀. Ojú ewé A4 gùn ní sẹ̀ǹtímítà 29.7, ó fẹ̀ ní 21. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti igun dé igun bí wọ́n ṣe ń wọn ojú ẹ̀rọ, ó lé díẹ̀ ní íǹṣì 14. Bí ẹ bá dín in kù kó lè gba ojú ẹ̀rọ íǹṣì 6, lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 12 lórí bébà á di nǹkan bíi 5. Lórí íǹṣì 7, ó di 6. Lórí íǹṣì 10.3, ó ń lọ sí 9, ìyẹn sì ṣeé kà fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ púpọ̀.

Tí ìṣirò yìí bá ń fẹ́ dàrú mọ́ yín lójú, ẹ mú bébà A4 kan, kí ẹ ká a sí méjì: ó súnmọ́ ìwọ̀n ẹ̀rọ íǹṣì 10.3. Ẹ tún un ká lẹ́ẹ̀kan sí i: íǹṣì 7 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ bá ẹni tó ń ṣe fọtokópì nítòsí yín. Ẹ gbé ojú ewé kan nínú ìwé yín fún un, kí ẹ ní kó dín in kù sí 71%, kó tún ṣe òmíràn ní 50%. Èyí àkọ́kọ́ ni bí ojú ewé yẹn ṣe máa rí lórí íǹṣì 10.3, èkejì ni bó ṣe máa rí lórí íǹṣì 7. Ẹ kà á pẹ̀lú awò ojú tí ẹ ń lò lójoojúmọ́. Owó fọtokópì méjì kò tó nǹkan tí à ń pariwo, ó sì ti gba àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì lọ́wọ́ ìnáwó òfò.

Ọ̀nà kékeré kan wà láti fi jèrè àyè: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló lè gé etí funfun ojú ewé kúrò, kí ọ̀rọ̀ lè fẹ̀ sí i. Ẹ sì tún lè dá ẹ̀rọ dùbúlẹ̀ ní ìbú, kí ẹ máa ka ojú ewé ní ìdajì ìdajì. Mo ti fi ọ̀nà kejì yìí ka ìwé kan tán. N kò ní fi dá ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn.

Ẹ̀rọ íǹṣì 10.3 wọ́n, owó rẹ̀ máa ń ju ìlọ́po méjì ti íǹṣì 6 lọ. Bí PDF yín bá kún fún àwòrán aláwọ̀, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń kà, tí owó kò sì tó, òótọ́ ibẹ̀ ni pé táblẹ́ẹ̀tì lásán lè sàn fún yín ju ẹ̀rọ ìkàwé lọ. Ẹ̀rọ ìkàwé aláwọ̀ wà, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣú díẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bi ẹ̀rọ pé báwo ni ìwé ṣe ń wọlé rẹ̀

Gbogbo ẹ̀rọ ló máa kọ orúkọ oríṣi fáìlì gbọọrọ sára páálí. Ohun tí páálí kì í sọ ni bóyá fáìlì náà máa ṣí bí ẹ bá fi okùn USB gbé e wọlé, tàbí ó dìgbà tí ẹ bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní ibi tí a ń gbé yìí, tí ẹlòmíràn ní láti rìn dé etí títì kí WhatsApp rẹ̀ tó wọlé, ìbéèrè pàtàkì ni.

Kindle ti Amazon ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù, láti ọdún 2007 ló ti wà. Bí ẹ bá fi okùn gbé PDF tàbí .txt sí i, ó máa ṣí i. Bí ẹ bá fi okùn gbé EPUB sí i, kò ní ṣí i. Ẹ ní láti fi EPUB náà ránṣẹ́ sí Amazon nípasẹ̀ Send to Kindle, àwọn á yí i padà, wọ́n á sì dá a padà sórí ẹ̀rọ yín. Ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba EPUB lọ́nà yìí. Word náà, ọ̀nà yìí kan náà ló ń gbà. Fáìlì tó bá ju 50MB lọ kò ní gba orí ímeèlì kọjá. Lójú òpó wọn, ẹ lè gbé tó 200MB. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Ẹni tó ń lo hotspot fóònù, kí ó yí i sí 2.4GHz, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìkàwé kì í rí 5GHz rárá, ẹ̀yin á sì rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ tún mọ̀ pé láti oṣù Kejì ọdún 2025, Amazon kò jẹ́ kí èèyàn wa ọ̀pọ̀ nínú ìwé tó rà sórí kọ̀ǹpútà mọ́ láti fi okùn gbé e.

Kobo, ilé iṣẹ́ Kánádà tí ó wà lábẹ́ Rakuten ti Japan, ń ṣí EPUB tààrà láti orí okùn, pẹ̀lú PDF, .txt àti àwọn oríṣi fáìlì míràn bíi MOBI, RTF àti HTML. Word kò sí níbẹ̀. Ẹ ní láti yí i padà kí ẹ tó gbé e wọlé.

PocketBook ni kì í yan oúnjẹ. EPUB, PDF, Word ti àtijọ́ àti ti òde òní, RTF, FB2, MOBI, DJVU tí wọ́n sábà fi ń tọ́jú ìwé àtijọ́ tí wọ́n yà ní fọ́tò, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ láì sí pé ẹ yí nǹkan kan padà. Òmíràn nínú wọn ní ihò mẹ́mórì káàdì. Fún ẹni tí fáìlì rẹ̀ jẹ́ àdàlù bíi ti Bàbá wa, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kì í wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun ni ẹ máa rán.

Boox ń lo Android bíi ti fóònù. Ohunkóhun tí ápù kan bá lè ṣí, òun náà á ṣí i. Bátìrì lẹ máa fi san owó rẹ̀: ó ń tètè jẹ iná ju àwọn yòókù lọ. WhatsApp sì lè wọ inú rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé ìwé kíkà ti di ìjíròrò.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé tí ẹ fi owó rà: ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní àgádágodo. Èyí tí ẹ rà lọ́dọ̀ Amazon kì í ṣí lórí Kobo. Èyí tó wá ní .acsm ń lo àgádágodo Adobe, Kobo àti PocketBook lè ṣí i, Kindle kò lè ṣí i. Ẹ wo ibi tí ẹ ti máa ń ra ìwé kí ẹ tó ra ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dán an wò pẹ̀lú Yorùbá

Èmi ò tíì rí olùtajà kan tó ń ronú nípa èyí. Nígbà tí àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ṣí lórí ẹ̀rọ Bàbá níkẹyìn, gbogbo àmì ti ṣí kúrò lára ọ̀rọ̀. Wọ́n kà á sókè: "Egbe ra oko." Wọ́n wo ojú mi. "Ta ló ra oko? Ọkọ̀ la rà!"

Ohun tó fà á kò ṣòro. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan fún "ọ", ó ní òmíràn fún "ó", ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ọ́". Ó máa kọ "ọ" sílẹ̀, kó tó gbé àmì ohùn lé e lórí bí ẹni gbé ìkòkò ka iná. Fọ́ńtì (irú lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń lò) tó mọ̀ ọ́n gbé á gbé e sí àárín gbùngbùn. Fọ́ńtì tí kò mọ̀ ọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó ya àpótí òfìfo sí ipò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ ìlà yìí sínú Word: "Okun o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ọkọ́ wà lóko, ọkọ̀ wà lọ́nà, ọkọ mi ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ ti tán?" Ẹ tọ́jú rẹ̀ ní Word, ní PDF àti ní EPUB (Calibre, tó wà ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, ló máa sọ ọ́ di EPUB), kí ẹ gbé èyí tí ẹ̀rọ náà lè ṣí nínú wọn sórí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí PDF bá dára tí EPUB dàrú, fọ́ńtì ẹ̀rọ ló fà á, nítorí PDF sábà máa ń gbé fọ́ńtì tirẹ̀ dání. Ó ní àtúnṣe. Ẹ wa Noto Serif, Charis SIL tàbí Gentium sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì mọ Yorùbá. Lórí Kindle àti Kobo, ẹ fi okùn so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbé fọ́ńtì sínú fódà tó ń jẹ́ fonts (ẹ dá a sílẹ̀ bí kò bá sí), lẹ́yìn náà kí ẹ yàn án níbi tí wọ́n ti ń yan irú lẹ́tà. Lórí PocketBook, inú fódà system ni fonts wà.

Ìwé kan wà tí fọ́ńtì kò lè gbà là: èyí tí wọ́n fi fọ́ńtì Yorùbá ayé àtijọ́ tẹ̀, kí Unicode (ètò nọ́ńbà lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń lò) tó dé ọ̀dọ̀ wa, tó jẹ́ pé àmì dọ́là tàbí àmì ìyanu ló ń jáde níbi tó yẹ kí "ṣ" wà. Ẹ wá kọ̀ǹpútà tó ṣì ní fọ́ńtì yẹn, kí ẹ sọ ìwé náà di PDF níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Calibre

Calibre jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí Kovid Goyal bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006. Ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́ẹ̀kan tí ẹ bá ti wà á sílẹ̀, kò nílò dátà mọ́. Ẹ ju Word sínú rẹ̀, ẹ tẹ Convert, ẹ mú EPUB fún Kobo tàbí AZW3 fún Kindle, ẹ fi okùn gbé e lọ, ó parí. Òun ló ń gba ẹni tó ní Kindle níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí.

Ẹ má retí pé ó máa sọ PDF di EPUB tó mọ́. Nọ́ńbà ojú ewé á bọ́ sáàárín gbólóhùn, tábìlì ìṣirò á tú ká bí ìyá ẹlẹ́pà tí ẹrù rẹ̀ dànù lọ́jà. Fún PDF tó jẹ́ fọ́tò, k2pdfopt ló tọ́: ó ń gé àwòrán ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ó ń tún un tò kó lè bá ojú ẹ̀rọ kékeré mu. KOReader, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí Kobo, PocketBook àti ẹ̀rọ Android, ní irú ọgbọ́n yẹn nínú. Ojú ewé tí wọ́n pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí apá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò dẹ́rù bà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: níwájú olùtajà

Iná kì í ṣe wàhálà ẹ̀rọ yìí. E Ink, irú ojú tí ẹ̀rọ ìkàwé ní, kì í jẹ iná nígbà tí ojú ewé bá dúró, àfi nígbà tí ẹ bá ń ṣí òmíràn àti bí ẹ bá tan iná inú rẹ̀. Èèyàn lè lo ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta láì ṣáájì rẹ̀, kí iná ọba máa ṣe bó ṣe ń ṣe. Ohun tó máa ń pa á ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ rọrùn láti fọ́ nínú àpò tí iṣu wà lórí rẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì já sí kòtò láàárín Lọ́kọ́ja àti Kabba, ẹ ti mọ ìyókù. Ẹ ra ìdérí tó le lọ́jọ́ kan náà. Nígbà ọyẹ́, ẹ má fi ihò okùn rẹ̀ sílẹ̀ lójú eruku.

Bí tòkunbọ̀ ni, ẹ ní kí olùtajà yọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kúrò níṣojú yín. Ẹ wo ihò okùn: bí ó bá jẹ́ USB-C, okùn fóònù yín á bá a mu, bí ó bá jẹ́ micro-USB àtijọ́, ẹ gba okùn tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tan gbogbo ojú rẹ̀ sí funfun, kí ẹ wá ìlà dúdú tí kì í lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fáìlì márùn-ún jáde nínú òkìtì yín, kí èyí tó burú jù wà nínú wọn, kí ẹ ṣí wọn níwájú rẹ̀. Olùtajà tó bá ní kí ẹ lọ dán an wò nílé kò tíì fẹ́ tajà.

Ẹ̀rọ kékeré àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ Bàbá báyìí, ìtàn ló ń fi kà. Íǹṣì 10.3 ni tiwọn. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ń ṣí pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, ọkọ̀ ti padà di ọkọ̀. Ìwé àlàyé Bíbélì tí wọ́n fi fóònù yà yẹn nìkan ni wọ́n ṣì ń bá mi jà lé lórí: òjìji àtàǹpàkò ẹni tó yà á bo ìlà mẹ́ta ní ojú ewé 112, wọ́n sì gbà pé mo mọ ètò tó lè yọ ọ́ kúrò, mo kàn ń ṣe ìmẹ́lẹ́ ni.